Ahéré Tí Ó Di Òkè

Ingvild tẹ́ àwòrán ilé náà sórí tábìlì, ó sì fi ife kọfí mi tẹ etí rẹ̀ kan mọ́lẹ̀ kó má baà ká. Ọmọ ọmọ mi ni, ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun nìkan ló mọ àwòrán ilé yà nínú ìdílé wa, ìdí nìyẹn tí a fi gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́.

Ahéré kan ṣoṣo ni a fẹ́ kọ́ sórí òkè Skarvheia, tí gbogbo wa yóò jọ máa lò. Torunn, ọmọbìnrin mi, kò kọ́kọ́ gbà. Ohun tó fẹ́ ni kí a pín ilẹ̀ náà, kí òun ta ìpín tòun. Nítorí ìyá rẹ̀, Borghild ìyàwó mi, tó kú nígbà ìwọ́wé, ló ṣe yọ̀ǹda. Ó ní òun yóò lo Ọdún Àjíǹde kan níbẹ̀ láti dán an wò. Bí kò bá dára, kí ẹnikẹ́ni má bẹ òun mọ́.

Borghild kò fẹ́ràn àwọn ahéré ńláńlá tó ń dán yanran lórí òkè. "Mi ò fẹ́ kí òkè mọ̀ pé a wà níbẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ingvild di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ó ya ilé kúkúrú kan, onígi aláwọ̀ eérú, tí koríko bo òrùlé rẹ̀, sínú kòtò kan láàárín àpáta méjì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kò ní rí i.

Ó wù mí. Ṣùgbọ́n ìgbà ooru ló ya fọ́tò ibẹ̀. Mo ní kó lọ nínú oṣù Fébúárì, nígbà tí atẹ́gùn bá ti gbá yìnyín jọ tán, kó ri ọ̀pá bọ inú kòtò náà, kó wo bí yìnyín ṣe ga tó. Ó gbà.

Òpin ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó lọ gan-an ni Vetle, ọmọ kíláàsì rẹ̀, pè é. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń lọ sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa ènìyàn gòkè, tí wọ́n á wá máa fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ lórí yìnyín. Ingvild ní òun ní iṣẹ́. Vetle fi í rẹ́rìn-ín bí ẹni ń bá arúgbó sọ̀rọ̀: "O fẹ́ lọ máa fi ọ̀pá gún yìnyín? Ìyá àgbà, ẹ rọra o. Kí ẹ má lọ ṣubú."

Ó tẹ̀lé wọn. Nígbà tó délé, ojú rẹ̀ pupa fún oòrùn. Mo bi í bí kòtò náà ṣe rí, ó ní yìnyín kò ju orúnkún lọ. Mo gbà á gbọ́.

A kọ́ ilé náà nígbà ooru. Èmi àti Halvard, ọmọkùnrin mi tó bí Ingvild, la to ìtì igi léra. Àwọn tó ń rìn lórí òkè ń kọjá láì rí i. Torunn pàápàá ní ìyá òun ì bá fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà Àjíǹde, a so pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀, a gbé ọsàn àti ẹran gbígbẹ sẹ́yìn, a sì gòkè lórí yìnyín. Halvard wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó ní a ti dé. A ò rí nǹkan kan. Ilẹ̀ funfun, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. A yí ká, a tún yí ká, títí pákó ẹsẹ̀ Torunn fi kọlu irin kan. Páìpù èéfín ni. Orí òrùlé ló dúró sí.

"Ingvild, o kú iṣẹ́," ni Torunn wí. "Kì í ṣe pé ilé rẹ bá òkè mu nìkan, ó ti di òkè."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A mú ṣọ́bìrì. Bí a ti ń kó yìnyín kúrò ni atẹ́gùn ń dà á padà. Halvard gba ojú fèrèsé wọlé, kò sì pẹ́ tó fi jáde. Igi ńlá tó gbé òrùlé dúró ti sán. Ó ní bóyá yìnyín ọdún yìí ló pọ̀ jù.

Torunn na ọwọ́ sí òkè, níbi tí òkúta ti hàn gbangba. Ó ní yìnyín ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbá wá sínú kòtò, ọdọọdún sì ni. Ó wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni wá wò ó kí a tó kọ́lé. Mo ní Ingvild wá.

"Mi ò wá," ni Ingvild wí. "Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo lọ. Irọ́ ni mo pa fún Bàbá àgbà."

Torunn kọjú sí i. "Ká ní o sọ pé o ò lè lọ ni, èmi ì bá lọ."

Ó gbé ọsàn rẹ̀ fún Halvard, ó sì yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Kí yìnyín tó yọ́ tán, ó ti ta ìpín rẹ̀ fún àwọn tí a kò mọ̀.

A tú ilé náà. Ingvild fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìtì igi kọ̀ọ̀kan, a sì ń tò wọ́n padà lókè, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbálẹ̀. Gbogbo ayé ló ń rí i níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwa méjèèjì jọ gbé igi, ó bi mí bóyá mo ṣì ń bínú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. "Gbé orí igi tó wà lọ́wọ́ rẹ sókè díẹ̀."

Ìwọ ọmọ tó ń ka èyí, bí o kò bá dé ibì kan, sọ pé o kò débẹ̀. Wọ́n lè bá ọ wí, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á lè lọ. Bí o bá purọ́, orí irọ́ rẹ ni àwọn ènìyàn rẹ yóò kọ́lé sí.

Ilé wa ti dúró báyìí. Torunn kò tíì wá wò ó.