Mẹ́rìnlá, Ọ̀kan

"Aláwàdà, sọ fún àǹtí rẹ kó má gba orí pákó yẹn o. Ó ti sán lábẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni kó gbà. Mò ń lọ wá òmíràn."

Bí bàbá mi ṣe sọ̀rọ̀ tán nìyẹn, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n ilé tiwa kò tíì parí. Pákó kan ṣoṣo la fi ń ré kòtò ṣáláńgá kọjá sí ẹnu ọ̀nà. Kòtò yẹn jìn: òkò tí mo jù sínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mi ò rò pé ó tíì délẹ̀. Irin ìkọ́lé dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ bí eyín.

Ó yẹ kí n dúró de àǹtí mi. Ṣùgbọ́n eré nọ́ńbà tí tíṣà ìṣirò kọ́ wa ti gùn mí. A fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà: a jẹ́ oókan, b jẹ́ eéjì, gb fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹẹ́jọ. Tíṣà ní bá a bá ń tú u, a ó máa ronú létòlétò. Àǹtí mi mọ̀ ọ́n tú débi pé bí ẹ bá kọ ọ́ sára atẹ́gùn, á tú u kí atẹ́gùn tó fẹ́ kọjá. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí mo ya ọ̀lẹ ni mo ṣòfin pé a ò ní kọ àmì ohùn, bí lẹ́tà kan bá sì tẹ̀ léra, ẹyọ kan ti tó.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìkìlọ̀ bàbá mi ní nọ́ńbà sára ògiri ìta: 14-1, 8-1, 16-19-10, 18-1-12-16. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àǹtí mi níta. Ó dúró síwájú ògiri.

"Mẹ́rìnlá, ọ̀kan," ó ń dá sọ̀rọ̀. "Ẹyọ a kan dípò méjì. Máa gba orí pákó. Aláwàdà, ṣé èyí náà lo pè ní àdììtú? Ọpọlọ rẹ ti ń ya ọ̀lẹ."

Kí n tó lè wí pé "má", pákó ti dún kẹ́ẹ́.

Irin gún un ní ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ṣe ìdánwò náà láìsí i.

"Mo rò ó dáadáa," ó sọ fún mi lórí ibùsùn. "Òfin tìẹ ni mo tẹ̀ lé."

Bàbá yíjú sí mi. "Ẹnu ń dùn ọ́ ni, tó ò fi lè sọ ọ́?"

Mo lọ nu nọ́ńbà náà kúrò lára ògiri.

Ẹ ṣe eré náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ń pọ́n ọpọlọ. Àmọ́ ẹni tó mọ̀rònú gbọ́dọ̀ ro bí ẹlòmíràn ṣe máa ka ohun tóun kọ. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Níbi tí ewu bá wà, odindi ni kẹ́ ẹ fẹnu sọ.