Awò Ńlá Orí Ìbọn Reino

"Bí kòkòrò bá ń rìn lójú òṣùpá," ni ọkùnrin tó ń ta ìbọn wí, "awò yìí á bá ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

Ó gbé awò náà kalẹ̀ gbì. Ó gùn bí ìgò ọtí méjì tí wọ́n so pọ̀, ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, iná pupa àti iná àwọ̀ ewé sì ń tàn nínú rẹ̀ bí ìgbà tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la. Ọwọ́ ọkùnrin náà ń dán fún òróró ìbọn àti ọ̀rá ẹran tó ń jẹ. Kò nù ún. Ọwọ́ ọlọ́ràá yẹn náà ló fi na ìbọn sí Reino.

Reino Lahti ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílùú wọn ní apá àríwá Michigan, níbi tí yìnyín ti máa ń dí ilẹ̀kùn débi pé ojú fèrèsé lèèyàn á gbà jáde lọ tọ̀. Ní gbogbo ìgbà ooru, ikùn ẹja ló ń là ní ilé iṣẹ́ kan létí adágún. Òórùn ẹja wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò mẹ́rìnlá fi ń tò tẹ̀ lé e wálé. Ẹgbẹ̀ta dọ́là ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni yóò fi ra ìbọn ọdẹ àti awò tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lórí láti fi wo ẹran tó bá jìnnà, torí pé igi wó lu bàbá rẹ̀ lẹ́yìn níbi tó ti ń gé gẹdú, kò sì lè ṣọdẹ lọ́dún yẹn. Bí Reino ò bá pa àgbọ̀nrín, fíríísà wọn á ṣófo títí òtútù á fi lọ.

Lempi, ìyá bàbá rẹ̀, ti bá a sọ̀rọ̀ títí etí rẹ̀ fi ń hó. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, àgbọ̀nrín tó sì ti pa pọ̀ débi pé bí wọ́n bá jí dìde lọ́jọ́ kan, gbogbo ọkọ̀ ìlú náà ni yóò dúró sójú títì.

"Ìbọn tí wọ́n fi ike dúdú ṣe ìdí rẹ̀ ni kó o rà," ni màmá ti wí nílé. "Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ibi tó o bá kọjú ẹ̀ sí ló ń bà, kì í sì í gbáni léjìká. Ra awò kékeré tójú ẹ̀ mọ́ kedere, àti irin tó dáa tí yóò dì í mú. Owó tó bá kù, fi ra páálí ọta mẹ́ta àti ìwé àṣẹ àgbọ̀nrín méjì, ẹran kan péré lọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún, ara ẹran tá a bá pa la sì ń so ó mọ́. Yin páálí méjì sára bébà títí ihò mẹ́ta á fi wà lójú kan tí ọmọrí ife tíì lè bò. Má gbé ìbọn tó ò dán wò wọ igbó o."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ Duane ló tẹ̀ lé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Duane, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọkọ̀ tó ń kó gẹdú lè ṣẹ́rí padà nínú rẹ̀.

"Ike dúdú kẹ̀?" Duane bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìbọn lo wá rà ni àbí ọ̀pá ìgbálẹ̀? Gbé eléyìí wò, ọmọ. Ìbọn tí wọ́n fi ń pa béárì nìyí!"

"Màmá ní..."

"Màmá, Màmá! Ṣé Màmá ló máa bá ẹ yin ín ni? Wọ́n á fi ẹ́ ṣẹlẹ́yà ní àgọ́ ọdẹ, màá sì wà lára wọn. Awò tó tó ọmọ ìka lórí ìbọn ike! Àgbọ̀nrín gan-an á rí i, á tutọ́."

Ojú ti Reino. Ó ra ìbọn béárì, ó ra awò abiná. Nígbà tó máa ṣẹ́jú, owó tó kù kò ju ti páálí ọta kan ṣoṣo lọ, ọta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó kárọ́ọ̀tì, àti ìwé àṣẹ kan péré. Ìwé àṣẹ kejì ti wọ inú awò.

"Mo ti bá ẹ to awò yẹn gún régé," ni ọkùnrin náà wí. Ó ki èékánná bọ ẹnu, ó fa èérún ẹran jáde láàárín eyín, ó wò ó, ó sì gbé e mì. "Kò nílò kó o dán nǹkan kan wò. Ṣáà lọ pa ẹran."

Síbẹ̀, Reino àti Duane gbé ìbọn náà lọ sí kòtò kan tí wọ́n ti ń wa òkúta. Wọ́n lẹ bébà mọ́ páálí, Reino dọ̀bálẹ̀, ó yin ìbọn. Yéè! Ìbọn tì í sẹ́yìn bí màlúù tínú ń bí. Etí awò gbá a lókè ojú, awọ ibẹ̀ la bí ẹnu kóló tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí, ẹ̀jẹ̀ sì dà wọ inú ẹnu rẹ̀. Duane rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n lọ wo bébà. Funfun báláú. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

"Ká tún yin òmíràn," ni Duane wí.

Reino wo ìbọn náà bí ẹni ń wo ejò. Èjìká rẹ̀ ti wú. "Ó ti tó."

"Òótọ́ ni jàre. Bébà kì í ṣe àgbọ̀nrín. Àgbọ̀nrín tóbi jù ú lọ, wàá bà á."

Ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀ ni, Reino sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀ ni. Ó kàn gbà á torí pé ó dùn mọ́ èjìká rẹ̀. Nígbà tí màmá bi í léèrè ohun tó ṣe é lójú, ó ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló gbá òun. Nígbà tí màmá bi í bóyá ó ti dán ìbọn wò, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ń ṣe dáadáa."

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń ṣí igbó fún ọdẹ, ilé ìwé tilẹ̀kùn, torí pé ọ̀gá àgbà gan-an wà lórí igi níbì kan, ó ń dènà de àgbọ̀nrín. Àgọ́ Bọ̀dá Waino, ẹ̀gbọ́n bàbá Reino, ni gbogbo ẹbí kóra jọ sí. Òórùn ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin mẹ́jọ tó ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lè mú kí aago ògiri dákú. Etí aṣọ ló kún ara ògiri ọ̀hún, torí pé ẹni tó bá yìnbọn tó tàsé, wọn á gé ìdí ẹ̀wù rẹ̀, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọn á kàn án mọ́ ògiri. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ayé bàbá bàbá wọn nìyẹn, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń fi í rín.

Agogo méje ààbọ̀ àárọ̀, akọ àgbọ̀nrín kan jáde láàárín igi kédà, kò ju ìṣísẹ̀ àádọ́rin lọ sí Reino. Ó gbé ìbọn sókè. Inú awò kún fún iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti irun àgbọ̀nrín. Kò mọ èwo ni èjìká, èwo ni ìdí. Ó rántí màlúù tínú ń bí. Ó di ojú méjèèjì, ó sì yìnbọn.

Àgbọ̀nrín náà kò ṣubú. Ó ká ẹ̀yìn jọ bí ẹni tí inú ń run, ó sì ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Reino lọ síbi tó dúró sí. Kò rí ẹ̀jẹ̀. Irun díẹ̀ ló rí, àti omi aláwọ̀ ewé kan tó ń fà lórí yìnyín bí ikun, tó ń rùn bí ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó kan. Ó mọ ohun tó jẹ́, gbogbo ọmọ ìlú wọn ló mọ̀ ọ́n. Ikùn ni ọta bà. Ẹni tí ọta rẹ̀ bá ba ẹran níkùn kò gbọdọ̀ sinmi títí yóò fi wá a rí, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ó bojú wo ọ̀tún, ó bojú wo òsì. Ó wá fi bàtà gbá yìnyín bo gbogbo rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó sọ fún wọn ní àgọ́ pé, "Mo tàsé."

Àgọ́ hó yèè! Duane ló di apá rẹ̀ mú, Bọ̀dá Waino ló mú sísọ́ọ̀sì. "Ẹ gé e dé ọrùn!" "Ẹ jẹ́ kó ku ọwọ́ ẹ̀wù nìkan!" Wọ́n gé ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n kàn án mọ́ ògiri, Reino náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ń rùn sí i lẹ́nu. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún irọ́ rẹ̀.

Màmá Lempi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń pín pásítì, ìpápánu tí wọ́n di ẹran àti ọ̀dùnkún sínú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Reino, ó fa imú. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó gbé àwo kalẹ̀.

"Bá mi mú igi wá níta."

Wọ́n dé ẹ̀yìn àgọ́. "Báwo ni àgbọ̀nrín yẹn ṣe ṣe nígbà tó o yìnbọn?"

"Ó sá lọ, Màmá."

"Reino. Ìgbẹ́ inú àgbọ̀nrín ló wà lára bàtà ẹ. Báwo ló ṣe ṣe?"

"Ó... ó ká ẹ̀yìn jọ."

Màmá tutọ́ sílẹ̀. "Láti agogo mélòó?"

"Méje ààbọ̀."

"O sì jókòó ń jẹun." Ó wò ó bí ẹni rí ìdin nínú ìyẹ̀fun. "Gbé ìbọn ńlá ẹ. Ó yá."

Wọ́n tọ ojú ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín náà wọ inú àbàtà. Agogo kan ààbọ̀ ni wọ́n bá a lábẹ́ igi kédà. Ó dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó ṣì wà láàyè. Kannakánná méjì wà lórí ẹ̀ka, ẹ̀kẹta ti bà sí i lára, ó ń fi ẹnu fa nǹkan gígùn kan jáde lójú ọgbẹ́. Ẹran náà kàn ń wò ó ni, kò lókun tó máa fi lé e.

Reino gbé ìbọn sókè. Màmá na ọwọ́, ó di awò abiná náà mú, ó mì í. Ó ń mì kẹrẹkẹrẹ bí eyín tó fẹ́ yọ.

"Nǹkan rírí yìí," ni màmá wí. Ó gba ìbọn ọ̀hún, ó sọ ọ́ sórí yìnyín, ó sì fi tirẹ̀ lé Reino lọ́wọ́, ìbọn ògbólógbòó tí awò rẹ̀ kò tó ọmọ ìka. "La ojú ẹ sílẹ̀."

Ó la ojú. Ìbọn kan ṣoṣo, orí àgbọ̀nrín náà sì wólẹ̀.

"Ìwọ náà ni wàá là á."

Ẹni tó ti la ikùn ẹja fún oṣù mẹ́ta rò pé kò sí òórùn tí òun ò tíì gbọ́. Ó fi ọ̀bẹ kan ikùn ẹran náà, òórùn tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ bó èèpo igi kúrò lára kédà. Ọta béárì ti fọ́ ìfun, ó ti fọ́ egungun itan, ó sì ti po koríko jíjẹrà, ìgbẹ́, irun àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹran títí dé ẹ̀yìn. Reino bì. Ó nu ẹnu, ó tún ṣiṣẹ́, ó tún bì. Kì í ṣe ikùn àgbọ̀nrín yẹn nìkan ló ń rí i lára. Ara òun fúnra rẹ̀ ń rí i lára. Wákàtí mẹ́fà gbáko ni ẹran náà fi jẹ̀rora, Reino sì ń gbọ́ àtẹ́wọ́ àgọ́ nínú orí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí gé tó mọ́ kò kún báàgì ọmọ jéléósinmi. Màmá na ìka sí i. "So ìwé àṣẹ ẹ mọ́ ọn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí òmíràn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá so ó, ọdẹ mi ti parí fún ọdún yìí. Kí la máa jẹ nílé?"

"Ìwọ lo pa á. So ó."

Ó so ó.

Nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́, kò dúró de màmá. "N ò tàsé," ni Reino wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ikùn ni ọta mi bà. Mo rí àmì ẹ̀, mo bò ó mọ́lẹ̀, torí mo mọ̀ pé bí mo bá ní mo tàsé, ẹ máa kàn rẹ́rìn-ín ni. N ò dán ìbọn wò. Mo purọ́ fún Màmá."

Duane ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Ó wà láàyè nígbà tẹ́ ẹ bá a?" ni Bọ̀dá Waino béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bọ̀dá Waino gbé oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò gbé e mọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún, ọ̀dùnkún ni wọ́n jẹ, ẹyin ni wọ́n jẹ, wọ́n tún jẹ ọ̀dùnkún, títí ó fi dà bíi pé ọ̀dùnkún fẹ́ máa hù létí wọn. Lọ́jọ́ kan, Tuuli, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méje, ṣí fíríísà, ó tẹ orí bọ inú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran dà?"

Reino lè dárúkọ Duane. Ó lè dárúkọ ọkùnrin ọlọ́wọ́ ọ̀rá. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Mo bà á jẹ́," ló wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbọ́: ohun èlò tówó yín ká, tẹ́ ẹ sì ti dán wò dáadáa, ló tó yín. Èyí tẹ́ ẹ rà torí ojú ayé, ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀ kó tó kàn yín. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣe aburú, ẹ yáa sọ ọ́ kíákíá, nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣì lè ran ẹni tẹ́ ẹ pa lára lọ́wọ́.