Ilẹ̀kùn Iwájú Bàálù

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló gbé Ọládiípọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Waliyat ní Bẹẹrẹ. Ó fẹ́ kí Waliyat bá òun dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù. Waliyat rí àmì ìyẹ́ láyà aṣọ náà.

"Ẹ̀yin lẹ ń wa bàálù?"

"Igbákejì awakọ̀ ni mí. Ẹ má bẹ̀rù, orí ilẹ̀ la wà báyìí."

Waliyat rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí bọ́tìnnì Ọládiípọ̀ bá ti já, ó di Bẹẹrẹ. Kó tó pẹ́, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n Alhaji Àkíbù, bàbá Waliyat tó ń rán fìlà l'Ọ́jà'ba, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láti Àrẹ̀mọ. Ọládiípọ̀ bẹ̀bẹ̀ títí. Nígbẹ̀yìn, ó ṣèlérí.

"Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ bàálù wa lọ sí Àbújá, èmi fúnra mi ni n ó mú yín wọ yàrá awakọ̀. Ẹ ó wo ojú ọ̀run látibẹ̀."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Bí bàálù bá ti gbéra, àlejò kan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ìfẹ́ ló ń pa á bí ọtí. Alhaji gbà á gbọ́, ó yọ́nú sí i, ó sì ròyìn fún gbogbo agboolé.

Ọjọ́ ìrìn-àjò pé, Alhaji àti Waliyat wọ bàálù. Bí bàálù ti dé òkè, Alhaji dìde nínú agbádá tuntun, ó lọ kan ilẹ̀kùn iwájú. Obìnrin tó ń tọ́jú èrò sáré dí i lọ́nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Òfin ò gbà á."

"Àna mi ló ń wà á! Ẹ sọ fún un pé Àkíbù dé."

Obìnrin náà fi fóònù inú bàálù bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní kí ẹ lọ jókòó, sà."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti ń ya fídíò.

"Ta ló wà pẹ̀lú bàbá yìí?" ni obìnrin náà bi àwọn èrò.

Waliyat kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Alhaji wò ó, ó rọra padà wá jókòó.

Bí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀, Ọládiípọ̀ jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú níwájú gbogbo wọn.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo ṣèlérí ohun tí mi ò lágbára rẹ̀, torí kí ẹ lè fún mi ní Waliyat. Ojú tì mí."

"Dìde, ilẹ̀ yìí gbóná. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi, tí wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́, kí lo fẹ́ fi bọ́ ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fọ́ Waliyat lọ́kàn. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, mo gbọ́ nígbà tí wọ́n bèèrè. Ojú ló tì mí láti pè yín ní bàbá mi."

"Mo rí ọ," ni Alhaji wí. "Ìyẹn dùn mí ju ilẹ̀kùn lọ."

Ó gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ní agboolé wọn l'Ọ́jà'ba, ààfáà ṣàdúà, pásítọ̀ Àrẹ̀mọ náà ṣe tirẹ̀. Nígbà tó kan Alhaji, ó gbọ́wọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí. Waliyat kò lè wò ó lójú. Àdúà parí, gbogbo èèyàn ṣe àmín, ṣùgbọ́n Alhaji kò gbọ́wọ́ kúrò títí Waliyat fi gbójú sókè.