Ẹyẹ Nathaniel

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ sí Stone Mountain ní Georgia, l'Amẹ́ríkà, kó bi Hephzibah. Ó wà láyé. Kò kàn ń jókòó sẹ́yìnkùlé mọ́ ni.

Ọmọ rẹ̀, Nathaniel, ń kọ́ iṣẹ́ igbó ní yunifásítì. Ará Jámánì kan tó ti kú láti bí igba ọdún ló gbà á lọ́kàn. Ọkùnrin náà dá ilé ẹ̀kọ́ igbó sílẹ̀, ó ń gbèjà ẹyẹ àti àdán tí aráàlú ń pa, ó sì ń bá ẹyẹ gbé inú yàrá bí ẹni ń bá ẹbí gbé. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí kú mọ́ ọn lójú. Síbẹ̀ kò fi ẹyẹ sílẹ̀.

Nathaniel náà he ọmọ ẹyẹ kan lábẹ́ igi páìnì ẹ̀yìnkùlé, irú èyí tó ń sín gbogbo ohùn jẹ. Àràárọ̀ ló ń súfèé fún un, bí ará Jámánì rẹ̀ ti máa ń ṣe fún ẹyẹ tirẹ̀. Nígbà tí ẹyẹ náà dàgbà, ó tú u sílẹ̀. Ẹyẹ ò kúrò lórí páìnì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Nathaniel wọ igbó lọ wo ẹyẹ. Oúnjẹ ọ̀sán tutù, kò dé. Fóònù rẹ̀ ò wọlé. Ojú ọ̀run ṣú. Ewé kan ò mì.

"Dádì."

Láti orí páìnì. Ohùn Nathaniel gan-an.

Babáfẹ́mi, bàbá Nathaniel, dìde níbi tí òun àti Hephzibah jókòó sí lẹ́yìnkùlé. Hephzibah di aṣọ rẹ̀ mú.

"Bàbá Nathaniel, ẹ má dáhùn. Ẹ ò rí ẹni tó ń pè."

"Ẹyẹ ọmọ rẹ ni. Ká ní Pásítọ̀ ló pè mí, wàá ti ní kí n sáré."

"Súfèé ló kọ́ ọ. Ta ló kọ́ ọ ní 'Dádì'?"

"Dádì, níbo lẹ wà?"

Ohùn náà ń gbọ̀n. Baba wo ni yóò gbọ́ irú ẹ̀, tí yóò panu mọ́? Babáfẹ́mi ké: "Èmi rèé. Máa bọ̀."

Páìnì dákẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù aládùúgbò pàápàá dákẹ́.

Fóònù dún. Nathaniel ni, ó ń mí hẹlẹ.

"Dádì, ẹ dúró, ẹ ń yára jù. Mo ṣìnà, mo pè yín, ẹ dáhùn. Ohùn yín ni mò ń tẹ̀lé."

"Ilé ni mo wà. Dúró síbi tóo wà. Má tẹ̀lé nǹkan kan."

"Stop playing, Dádì. Iwájú mi níbí ni mo ti ń gbọ́ yín."

Babáfẹ́mi la ẹnu. Kó tó sọ̀rọ̀, ohùn òun fúnra rẹ̀ ti inú fóònù wá, jẹ́jẹ́, láti ọ̀nà jíjìn.

"Máa bọ̀."

Fóònù já.

Ọlọ́pàá wá igbó náà tì. Kò sókùú, kò sáṣọ. Bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, Babáfẹ́mi á dúró lábẹ́ páìnì. Kò mọ̀ bóyá pípè ni yóò mú ọmọ òun wálé, àbí ìpè òun ló ń mú un jìnnà sí i. Á pa ẹnu mọ́. Ẹ̀ka á mì díẹ̀ lókè.

"Mo ti ń sún mọ́ yín, Dádì. Ẹ ṣáà máa pè mí."