Àwo Kíndìnrín Kejì

Ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan sílípáàsì rọ́bà, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe tiro wọ ṣọ́ọ̀bù aránbàtà. Ó gbé bàtà kejì dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníbàtà."

"Ìyá ta ni? Èmi tí n kò tíì lọ́kọ!"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ bá mi dá ihò síbí, ní ọ̀gangan àtàǹpàkò."

"Lára bàtà tuntun? Ṣé àtàǹpàkò yín fẹ́ máa yọjú wòran ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ náà. Àtàǹpàkò ti wú, ó pọ́n, ó ń dán bí ata tó gbó. Bó ṣe na ọwọ́ báyìí ni ọkùnrin náà figbe ta.

"Ẹ jọ̀ọ́! Atẹ́gùn fáànù yín lásán, bí ẹní ń fi òòlù lù mí ni."

Ẹ̀rín ti fẹ́ pa ọmọbìnrin náà, àfi bó ṣe rí omijé lójú rẹ̀. Ó dìde, ó pa fáànù. Ọ̀sán gangan ni, ooru sì mú, síbẹ̀ kò tan án títí ọkùnrin náà fi lọ.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé.

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin náà, ìdúró ni iṣẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Aránbàtà kò jẹ́ gé bàtà tuntun. Nígbà tí wíwú náà fà, ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rán òmíràn fún un, awọ rírọ̀ tó fẹ̀ níwájú. Obìnrin tó ń rán awọ bí ẹni ń rán àrán, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣìnà! Kò sí ibi tó já lára bàtà náà, síbẹ̀ onígbàjámọ̀ ń gbé e wá fún àtúnṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Kí ló tún ṣe é?"

"Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó bí òun."

Bí ọ̀rẹ́ ṣe di olólùfẹ́ nìyẹn. Onígbàjámọ̀ ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ fún un. Gáòtù ni dókítà pè é, irú làkúrègbé kan. Ìdọ̀tí kan ló ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á wá di wóró wóró mímú nínú oríkèé, bí àfọ́kù ìgò tí wọ́n lọ̀. Bàbá rẹ̀ náà ní in. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ìbáà dùn ún, ìbáà má dùn ún. Kó máa mu omi dáadáa, kó sì jìnnà sí bíà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín.

"Má sọ fún ìyá rẹ o, ayanfẹ́ mi. Kí wọ́n má baà ní arọ lo fẹ́ fẹ́."

Kò tẹ́ aránbàtà lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ mú un gbà.

Opó ni ìyá aránbàtà, alásè ni nílé ìwé. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò bá lè sọ, ọbẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ wá kí i, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló kún àwo dẹ́nu. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń wo ẹnu àlejò rẹ̀. Aránbàtà ń ṣẹ́jú sí olólùfẹ́ rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ta ló tó kọ oúnjẹ ìyá àfẹ́sọ́nà?

"Ṣé ó dùn, ọmọ mi?"

"Ó dùn jọjọ, Mà."

Bí Ìyá ṣe bu àwo kejì nìyẹn. Ó tún jẹ ẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ ó ti pa oògùn tì láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dákẹ́.

Ọjọ́ tí ìdílé méjèèjì fẹ́ pàdé kò pẹ́ dé. Ìyá to àga, ó nu tábìlì, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Fóònù ló dún.

"Iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́, Mà. Mo ti ní kí àwọn ará ilé mi dúró ná."

"Iṣẹ́!" Ìyá ju fóònù sórí àga. "Irun orí ta ló ń hù tó bẹ́ẹ̀? Ó jẹ kíndìnrín mi tán, ó wá sá! Mo mọ irú ohùn yẹn, ọmọ mi. Irọ́ ni. N kò ní fi ọ́ fún ẹni tí kò lè sọ òótọ́ fún mi."

Aránbàtà sáré lọ sí yàrá onígbàjámọ̀. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí méjì, láìbo aṣọ, nítorí aṣọ ìbora wúwo ju òkúta lọ lójú ìrora. Yìnyín tó wé sínú aṣọ ti di omi.

"Ìwọ ọkùnrin yìí!" Ó pààrọ̀ yìnyín, ó gbé omi fún un mu.

"Báwo ni mo ṣe máa sọ fún àgbàlagbà pé ọbẹ̀ rẹ̀ ló gbé mi ṣubú?"

"Ẹnu rẹ ni wàá fi sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá mi ní òun kò fi mí fún ọ mọ́, èmi kọ́ ló sì máa bá ọ rò ó." Ó fi fóònù sí i lọ́wọ́.

Onígbàjámọ̀ pe Ìyá. "Mà, irọ́ ni mo pa. Ẹsẹ̀ mi ni." Ó rò ó délẹ̀. "Kì í ṣe ọbẹ̀ yín nìkan. Ó wà ní ìdílé wa, mo sì pa oògùn tì. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n jẹ ẹ́. Ojú yín ni mo ń wò."

Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó pa fóònù.

"Ó parí," ni onígbàjámọ̀ wí.

Kò pẹ́ sígbà náà, Ìyá kanlẹ̀kùn. Gèlè rẹ̀ kò tilẹ̀ jókòó dáadáa.

"Mọ́mì, ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì! Tó bá mì, ó máa dùn ún."

Ìyá fa àpótí, ó tẹjú mọ́ àtàǹpàkò náà. "Ìka yìí náà ni? Ó ga o. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Bàbá ọmọ yìí, bí mo bá ní báwo lara, á ní dáadáa ni. Àyà ń dùn ún, dáadáa ni. Kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, dáadáa ni. Títí mo fi sin ín. Nígbà tó o ní iṣẹ́ ló dí ọ lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ọmọ ilé ìwé rẹpẹtẹ ni mò ń se oúnjẹ fún, ṣé tìẹ ni n kò ní lè sè? Lọ́la, a jọ ń lọ bá dókítà. Á sọ ìgbà tó o máa padà sórí oògùn, á sì sọ fún èmi náà ohun tí mo lè sè fún ọ. Ẹsẹ̀ wíwú kò bà mí lẹ́rù. Ìdákẹ́ ni." Ó fà á lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́. "Báwo lara?"

"Dáa..." Ó gbé e mì. "Kò dáa, Mà. Ó ń dùn mí wọ egungun. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹ máa gba ọmọ yín lọ́wọ́ mi."

Ìyá fi etí aṣọ nu ojú. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ, sún mọ́bí. Ọkọ rẹ rèé."

Ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí. "Ọlọ́run Ọba tó dá ẹsẹ̀, yóò gbé yín rìn. Ẹ ó rí ara yín bá sọ̀rọ̀, ẹ ó sì dàgbà fún ara yín."

Àmín tí onígbàjámọ̀ ṣe le débi pé ẹsẹ̀ mì lórí ìrọ̀rí. Ó pariwo, "Yéè!" Kò sì fi ìrora rẹ̀ pamọ́ fún ẹnì kankan.