Ọdún Méjì Tí Wọ́n Gé Kúrò

Bọ́ọ̀lù tẹníìsì náà kọlu nẹ́ẹ̀tì, ó sì já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ọmọ́ṣaléwá fúnra rẹ̀. Adájọ́ tí ó wà lórí àga gíga ní eré ti parí. Ọmọbìnrin tí ó na án, tí ó fi orí kan ga jù ú lọ, na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹta nìyí láàrin oṣù mẹ́jọ tí Ọmọ́ṣaléwá yóò já bọ́ ní ìpele àkọ́kọ́, kí oòrùn tó mú rárá. Ó ki ráákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ àpò, ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́ pápá náà, ó sì sunkún débi tí ojú rẹ̀ fi wú.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó ti ń bọ̀ lè ní ẹkún náà ti pọ̀ jù. Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó gba ife ẹ̀yẹ àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní Ìbàdàn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbà á, kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀. Láti Ìgandò dé Ìkòtún ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá á rí i, á ní kó gbé owó rẹ̀ padà sápò. Ọ̀gá iléèwé á pè é síwájú ní ìlà àárọ̀ kí gbogbo ọmọ lè pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyìn dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín; ó dùn ju oyin lọ, ó sì máa ń tètè tán.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó di dandan kí ó bọ́ sáàárín àwọn tí kò tíì pé mẹ́rìndínlógún. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti rí màbo. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ bá gbá, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n tí ó bá gbà á. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń bá a gbé báàgì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "champion àná".

Kóòṣì Abraham, ẹni tí ó ti ń kọ́ ọ ní pápá tí ó ti là káàkiri ní Ẹ̀gbẹ́dá láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, kò dààmú rárá.

"Ọwọ́ rẹ dára," ni ó wí. "Ara rẹ ni kò tíì gbó. Fún un ní ọdún kan sí i. Máa pàdánù, kó o máa kọ́gbọ́n."

"Ọdún kan, sà? Kí n máa pàdánù fún odidi ọdún kan?"

"Tó bá gba méjì, wàá ṣì wá síbí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, jàre."

Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ̀ ọ́ létí. Ọmọ tí ó ti mu omi ìyìn, kò fẹ́ mu ti sùúrù mọ́.

Bàbá Ọmọ́ṣaléwá ti kú tipẹ́. Mọ́ṣúdù, àbúrò bàbá rẹ̀, ni ó dúró bíi bàbá fún un. Ọkùnrin yìí ni akọ̀wé ẹbí wọn, òun náà ni ó sì ń bójú tó àwọn ilé tí ẹbí fi háyà ní Ìgandò àti Ayọ̀bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí Mọ̀nsúrát, ìyá Ọmọ́ṣaléwá, ti ń rán aṣọ iléèwé, ó fa àga kan, ó jókòó.

"Ìyá Léwá, ìdíje kan ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta, fún àwọn tí kò tíì pé mẹ́rìnlá. Àwọn tó ṣe ti Ìbàdàn ọjọ́sí náà ni. Nígbà yẹn, lẹ́tà kóòṣì ti tó wọn. Ní báyìí, wọ́n ní káwọn òbí mú ìwé ìbí wá tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti ilé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká gé ọdún méjì kúrò lórí ọjọ́ orí Léwá."

Ẹsẹ̀ Mọ̀nsúrát dúró lórí ẹ̀rọ. "Bàbá Khalid, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọmọ yìí. Ìwé ìbí ẹ̀ wà nínú àpótí mi nílé."

"Ẹ ó búra pé ó ti sọnù. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹ máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ṣé ẹ rò pé gbogbo wọn ló ń sọ ọjọ́ orí wọn bó ṣe rí? Ara Léwá kéré, ta ló máa mọ̀?"

"Kí n fi ẹnu ara mi búra irọ́?"

"Ẹ ò pa èèyàn, ẹ ò jalè. Ọmọ lẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́, àbí?"

Mọ̀nsúrát kọjú sí ọmọ rẹ̀ tí ó jókòó nítòsí, tí ó ń bá a gán bọ́tìnì, ó wò ó títí. "Léwá, ìwọ lo ni eré yìí. Tó o bá ní kí n lọ búra, màá lọ. Tó o bá ní rárá, ọ̀rọ̀ náà ti tán síbí."

Ọmọ́ṣaléwá mọ̀ pé kò dára. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fún ara wa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ṣùgbọ́n ó rántí àtẹ́wọ́ ìlà àárọ̀, ó rántí "champion àná", ó sì rántí ọdún kan tí Kóòṣì ní kí ó fi máa pàdánù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Ẹ lọ."

Ní ilé ẹjọ́, akọ̀wé tí ó ń kọ ìwé ìbúra kò tilẹ̀ wo ojú wọn. Ó béèrè, Mọ̀nsúrát dáhùn, akọ̀wé lu òǹtẹ̀. Kí ẹ tó ka ení dé ogún, Ọmọ́ṣaléwá ti padà di ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà padà sílé, ìyá rẹ̀ kò sọ ju "Astagfirulai" lọ, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tọrọ àforíjì.

Kóòṣì Abraham kọ̀ láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìdíje náà. "Èmi ni mo kọ lẹ́tà tó o fi lọ sí Ìbàdàn, òótọ́ sì ni mo kọ síbẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ sí èyí. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Ìwọ ṣubú, o wá fẹ́ padà sẹ́yìn lọ bá àwọn ọmọ kéékèèké." Mọ́ṣúdù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ráákẹ́ẹ̀tì mú fọwọ́ sí i ní ipò kóòṣì, ó sì di ọ̀gá eré tẹníìsì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní Abẹ́òkúta, Ọmọ́ṣaléwá na gbogbo ẹni tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bọ́ọ̀lù ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ó dé àṣekágbá, ẹni tí ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú kígbe pé, "Ẹ̀yin èèyàn wa, ọmọ yìí ló gba ife ti Ìbàdàn lọ́dún méjì sẹ́yìn! A jẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni nígbà yẹn!" Ariwo sọ. Ọ̀rọ̀ náà gún Ọmọ́ṣaléwá lọ́kàn. Ife tí ó fi òógùn gbà, irọ́ ti wá bọ́ sí i lára. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà dákẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá a gbá àṣekágbá ni Olúwatósìn, ọmọ ọdún méjìlá láti Ayọ̀bọ̀, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí fìlà rẹ̀ máa ń ṣubú bo ojú. Kò gba ju ayò kan ṣoṣo lọ lọ́wọ́ Ọmọ́ṣaléwá ní gbogbo eré náà. Nígbà tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, omijé wà lójú rẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ gbá a gan-an o. Mo ti ní kí dádì mi máa jí mi láago márùn-ún. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà á pé mẹ́tàlá, màá máa gbá a bíi tiyín."

Inú Ọmọ́ṣaléwá bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó gbé ife náà lé e lọ́wọ́ pàápàá.

Ọ̀gbẹ́ni Olúwakáyọ̀dé, bàbá Tósìn, jókòó lábẹ́ ìbòòji, ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé ọmọ òun ṣe ipò kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe orúkọ ẹni tí ó borí tán pẹ̀lú ti ẹbí rẹ̀, tí ó sì rí ọkùnrin tí ó ń jó lọ bá a, ojú rẹ̀ là. Mọ́ṣúdù nìyẹn, aṣojú onílé òun! Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹbí náà ni òun ń gbé. Ọdọọdún ni ẹbí yìí ń tẹ kàlẹ́ńdà, tí wọ́n á kó fọ́tò àwọn ọmọ wọn tí ó bá ṣe dáadáa sí i, tí wọ́n á sì fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Ti ọdún tó kọjá ṣì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi bo ibi tí ògiri ti là, èyí tí Mọ́ṣúdù ti ń ṣèlérí láti bá wọn tún ṣe láti ìgbà Ramadan.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. "Bá mi ya fọ́tò kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yẹn. Ibi tí wọ́n ya ọmọ tó gbé ife sí."

Fọ́tò náà dé kí wọ́n tó kó àga kúrò ní pápá. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán Ọmọ́ṣaléwá hàn gbangba: *Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, olúborí ní Ìbàdàn.* Mọ́ṣúdù fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́, nígbà tí orí rẹ̀ ń wú. Ní ọjọ́ tí ó ń gé ọdún méjì kúrò, ó ti gbàgbé pé òun ti tẹ òótọ́, òun sì ti pín in kárí ilé.

Ìyá Charity, ọ̀gá àwọn tí ó ṣètò ìdíje náà, ẹni tí Ọ̀gbẹ́ni Olúwakáyọ̀dé fi fọ́tò náà hàn, pe Ọmọ́ṣaléwá, ìyá rẹ̀ àti Mọ́ṣúdù sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mọ́ṣúdù ní àwọn tó tẹ kàlẹ́ńdà ló ṣàṣìṣe. Mọ̀nsúrát kò lè fara da irọ́ kejì. Ó tú gbogbo àṣírí, ó sì mú ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ jáde nínú báàgì.

"A jẹ̀bi ti Abẹ́òkúta, mà. Ẹ gba ife yẹn. Ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn, òótọ́ ni. Ìwé ẹ̀ rèé."

Ìyá Charity to ìwé ìbí àti ìwé ìbúra náà síwájú ara rẹ̀. "Ìyá, ẹ búra nílé ẹjọ́ pé ìwé ìbí yìí ti sọnù. Tó bá sọnù, níbo lẹ ti wá rí i? Tí kò bá sọnù, kí lẹ wá ń búra lé lórí? Èwo nínú ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ mú?"



Wọ́n gba ife Abẹ́òkúta, wọ́n gbé e fún Tósìn. Wọ́n ní Ọmọ́ṣaléwá kò gbọdọ̀ kópa nínú ìdíje kankan fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tí ó gba ife ní Ìbàdàn, nítorí pé kò sí ìwé kankan láti ọwọ́ òbí rẹ̀ tí wọ́n lè gbára lé mọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti bú sẹ́kún.

"Mà, mẹ́tàlá ni mo wà nígbà yẹn! Mo fi Ọlọ́run búra!"

Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà. "Ó lè jẹ́ òótọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi gbà ọ́ gbọ́."

Ìyà náà kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀. Nítorí pé Kóòṣì Abraham ni ó kọ lẹ́tà ti Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn kò ní gba lẹ́tà rẹ̀ fún ọmọ kankan mọ́. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá lọ bẹ̀ ẹ́, ọmọ mẹ́ta péré ni ó kù ní pápá.

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Mo ti dárí jì ọ́," ni Kóòṣì wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọdún kan péré ni mo ní kó o fi ṣe sùúrù, Léwá. Ọdún kan."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣejáde níléèwé. Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí, ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á sọ ọjọ́ orí rẹ̀, tíṣà á kọ ọ́, á pe ẹlòmíràn. Ó kan Ọmọ́ṣaléwá.

"Ọjọ́ orí?"

"Mẹ́rìndínlógún, sà."

"Ti ilé ni àbí ti ilé ẹjọ́?" ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà ní kí wọ́n panu mọ́, òun kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bíírò rẹ̀ dúró lórí ìwé, kò kọ nǹkan kan. "Lọ jókòó ná," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ní kí màmá ẹ wá rí mi lọ́la, kí n tó kọ tìẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá fi àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ọmọ́ṣaléwá rò pé irọ́ kan ṣoṣo ni òun pa, kò mọ̀ pé irọ́ náà yóò padà sẹ́yìn lọ jẹ òótọ́ tí òun ti ní. Bí ọwọ́ kò bá tíì tó nǹkan, ẹ ṣe sùúrù kí ó gùn. Ìfidírẹmi ọdún kan kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ọjọ́ kan là á bàjẹ́, ọjọ́ gbogbo lara ń tini.

Ọmọ́ṣaléwá padà lọ sórí àga rẹ̀, ó jókòó. Tíṣà pe ọmọ tó kàn, ọmọ náà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun, tíṣà sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun.