Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ti Ń Yà

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́nu Ọlọ́kọ́, bàbá àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa, fúnra rẹ̀, ẹni tí kì í mu ju omi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é nírọ́. Bó ṣe rí ni mo kọ ọ́ yìí.

Abúlé àgbẹ̀ ni ibí tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìgboro ra oko, wọ́n kọ́lé sí i. Láàárọ̀, gbogbo wọn á wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Títí di ìrọ̀lẹ́, àdúgbò á pa lọ́lọ́. Ọlọ́kọ́ nìkan ni kò ta ilé rẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀dà tó wà níwájú ilé náà tọ́ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dé ibi tí aká àgbàdo Ọlọ́kọ́ wà kí wọ́n tó wó o, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà, á rìn yípo díẹ̀, á tún padà sójú ọ̀nà. Àlejò àná ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lọ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ń yà.

Ìjọba fẹ́ mú ọ̀nà fẹ̀ sí i; ilé Ọlọ́kọ́ ló dí i. Láago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kan, awọnlẹ̀ kan tí ìjọba rán dé. Ọmọbìnrin Ọlọ́kọ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi.”

“Òkú ni wọ́n ń gbé lọ tí kì í jiyàn. Èmi ṣì ń jiyàn.”

Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ike téèpù tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀ lé bàbá lọ́wọ́, ó di orí téèpù náà mú. “Ẹ bá mi dì í, bàbá. Òpó iná yẹn ni mò ń lọ.”

“O máa yà.”

“Èmi kì í yà.”

“Ó dáa. Má yà o.”

Ó tẹjú mọ́ òpó, ó ń lọ. Ó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yà. Ó fipá mú un tọ́.

Ilẹ̀kùn pákó kan dún. Ọlọ́kọ́ mọ ohùn rẹ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn náà.

Kò rí awọnlẹ̀ mọ́. Oòrùn wà lójú ọ̀nà. Òpó iná wà níbẹ̀. Téèpù nà tàntàn lófuurufú, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, bíi pé èèyàn ṣì ń fà á rìn.

“Bàbá, níbo ló wọ̀?”

“Inú aká.”

“Aká wo? Wọ́n ti wó o kí n tó wọ ilé ìwé.”

“Ojú mi ni wọ́n ṣe wó o.”

“Ẹ jù ú sílẹ̀.”

“Mi ò jù ú. Ilé mi ni mi ò ní fún un. Mi ò ní kó kú.”

Ó fi gìgísẹ̀ tilẹ̀, ó fà á. Nǹkan kan fà á padà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dán okùn wò. Ó tún fà á. Téèpù dẹ̀.

Ó wọ́ ọ jáde tán. Orí téèpù náà gbóná, eruku àgbàdo bò ó. Wọ́n ti ta á ní kókó, bí a ṣe ń di ẹnu àpò àgbàdo.

Nírọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ dé láti ìgboro. Wọ́n yà fẹ̀ ju ti àná lọ.

Ìwé ìjọba tún ti dé lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́kọ́ gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó tọ́ka síbẹ̀. “Ẹ gba ibẹ̀ yẹn kọjá wá lé mi.” Wọn ò tíì wá.

Ohun tó sọnù láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé: oko mọ́kànlélógójì, kànga méjì, aká kan, awọnlẹ̀ kan.